Iṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Ọmọ Mi

Òórùn èédú ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ máa ń pàdé ènìyàn nílé Tíṣà, lẹ́yìn náà ni òórùn ìwé àtijọ́ tí òjò ti pa rí, lẹ́yìn náà ni ti epo òyìnbó. Ilé náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè wa ní Ọ̀fà, fèrèsé yàrá tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì kọjú sí ojú irin gan-an, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ ẹrù bá ń kọjá, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa wo ara wa títí ariwo náà á fi lọ. Eruku dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa bà lé tábìlì, a máa bà lé etí agbádá mi. Ìdí fèrèsé yẹn ni mo máa ń jókòó sí ní Sátidé, nínú dẹ́sìkì ọmọ iléèwé, irú èyí tí wọ́n kan ìjókòó rẹ̀ mọ́ tábìlì rẹ̀, tí orúnkún mi méjèèjì á sì há mọ́ abẹ́ pákó. Bí mo bá fẹ́ dìde, mo ní láti kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde sí ẹ̀gbẹ́ kí n tó fa tòsì. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kò ṣeé ṣe fún mi láti fò dìde níbẹ̀, ohun yòówù kí etí mi gbọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Tíṣà ti ṣe ọ̀gá iléèwé pẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni kíkọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ. Nígbà náà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí kì í wo máàkì ìdánwò nìkan. Wọ́n á ní kí ọmọ kọ̀wé nípa ara rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin kan ní òkè Ọya, ni mo fẹ́ kí ọmọ mi wọ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni odi gíga tí mo gbọ́ pé wọ́n mọ yí i ká, àti obìnrin àgbàlagbà tí wọ́n ní ó máa ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ.

Òun nìkan ni ọmọbìnrin tí mo bí. N kì í jẹ́ kí ó dé ìdí kànga àdúgbò, bẹ́ẹ̀ kànga náà kò ju ibi tí ènìyàn lè dúró sí nílé wa kí ó sì gbọ́ ìró korobá lọ. Bí ó bá máa lọ sọ́jà, ìyá rẹ̀ ló ń mú un lọ. Àwọn ará ilé máa ń fi mí ṣẹ̀rín, wọ́n á ní ẹyin ni mo bí, pé n kò bímọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, mo dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa ọmọ ẹgbẹ́ mi kan jáde nínú kànga, n kò sì gbàgbé bí okùn náà ṣe le gbagidi nígbà tí ó ń bọ̀ lókè. Ẹni tó bá ti rí irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ti ń bá Alhaji kan tó ń ṣòwò obì sọ̀rọ̀ lórí ọmọ náà. Alhaji ti ní ìyàwó méjì nílé, ó sì dàgbà ju èmi tí mo bí ọmọ lọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Bí ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì bá dé kí a tó pa ẹran Iléyá, kí ó máa lọ. Bí kò bá dé, má wá bá mi ṣàlàyé." Kò pẹ́ sí i, ó ra àgbò, ó so ó mọ́ ìdí igi ọsàn lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí àgbò yẹn bá ké, inú mi ló ti ń ké.

Mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà, èmi sì ni wọ́n máa ń pè láti ṣe ògbufọ̀ bí àwọn ọ̀gá tí kò gbọ́ Yorùbá bá wá. Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́, n kò jẹ́ kí ọmọ lọ ní ọwọ́ òfo. Mo ti kọ àròkọ náà sílẹ̀ fún un, ó ti dà á kọ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìtẹríba, mo ka ìran wa láti orí bàbá bàbá mi, mo fi àdúrà fún ìlera ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì parí rẹ̀. Kò sí àmì ìdánudúró kan tí kò sí ní ààyè rẹ̀. Tíṣà kà á dé ìsàlẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo ọmọ mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "akọ̀wé àgbàlagbà wo ló fẹ́ wá máa gbé láàárín àwọn ọmọbìnrin yìí?"

Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi yíjú sí fèrèsé, bí ẹni pé mo ń retí ọkọ̀.

Ìlànà kan wà nílé Tíṣà tí n kò rí níbòmíràn. Kò sí ohun tí ọmọ máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tí kò ní kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ, lójú àgbàlagbà kan láti ilé wọn. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ti di aṣọ tí àwọn ọmọ fi ń bo irọ́. Ohun tí ọmọ bá lè wo ojú ẹni tó bí i kí ó sọ, ìyẹn ni ó dá òun lójú. Àgbàlagbà náà kò sì gbọdọ̀ la ẹnu rẹ̀ títí ọmọ á fi parí. Èmi náà mọ̀ pé n kò lè fi ọmọbìnrin mi sílẹ̀ nílé ọkùnrin kí n máa lọ, nítorí náà èmi ni àgbàlagbà yẹn. Mo wá di ẹni tí kò lè lọ, tí kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Tíṣà bi í: "Kí ni o ti ṣe rí tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ?"

Ọmọ mi ronú. Ó ní kò sí, sà. Inú mi dùn. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tó gbọ́n ni ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó lọ tó bọ̀, tí kò yà síbì kan. Ọmọ tó ń ṣe ohun tí a kò rán an, orúkọ mìíràn ni à ń pè é. Mo rò pé Tíṣà á yìn ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn fi ọwọ́ nu eruku orí tábìlì, ó ní bí kò bá sí, a jẹ́ pé kò sí àròkọ, kí a padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Nígbà tí ó di ti ẹ̀kẹta, mo ń rí i lójú ọmọ náà pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó máa la ẹnu, ó máa wo ibi tí mo jókòó sí, ó máa pa ẹnu dé. Mo rò pé ìtìjú ni. Nígbà tí ó jáde lọ mu omi, mo bá Tíṣà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní kí ló dé tí a kò fi kọ ọ́ pé ó máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ohun tó dára ni, ta ni yóò wá wádìí rẹ̀ láti òkè Ọya?

"Akọ̀wé," Tíṣà ní, "ṣé ẹ fẹ́ kí n di irọ́ rù ú lọ sí ibi tí ẹ kò ní sí láti bá a sọ ọ́ kalẹ̀ ni?"

Bí a ti ń lọ sílé, ojú ọ̀nà ń fún mi mọ́ra. Mo ń ronú pé ọmọ tí mo tọ́ bí mo ṣe tọ́ ọ, tí kò bú ẹnikẹ́ni, tí kò pa iléèwé jẹ rí, àìlẹ́bi rẹ̀ gan-an ló fẹ́ gbé e lọ sílé Alhaji. Àgbò tún ké bí a ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ń já ewé fún un, ó bèèrè bóyá ìwé ti dé. Mo ní kò tíì dé. N kò sọ fún un pé a kò tíì kọ ohun tí wọ́n máa dáhùn.

Kí n tó sọ ti Sátidé kẹrin, ó yẹ kí o mọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin. Ìyá kan náà ló bí ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti òun. Ó ti wà nílé ọkọ ní Ẹ̀rìn-Ilé kí aáwọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa àti tiwọn tó tún gbóná. O mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń ṣe, á sùn, á tún jí. Nígbà tó jí lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi pe gbogbo ilé jọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá ààlà oko títí ara ìlú á fi rọ̀. Àárín ìgbà yẹn, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé Tíṣà, ni a gbọ́ pé àbúrò wa bímọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ilé, a sì jókòó sínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni àṣẹ, mo sì tẹ̀ lé àṣẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún obìnrin nílé ọkọ, pé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ẹbí ọkọ kún àgbàlá fọ́fọ́, kí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún ẹbí ìyàwó sì wà lófo.

Ní Sátidé kẹrin, kí Tíṣà tó bi í léèrè rárá ni ọmọ mi ti kúnlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Tíṣà ló kọjú sí, ọ̀dọ̀ mi ni. Ó ní òun ti lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé.

Ó ní ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, òun sọ fún ìyá òun pé òun ń lọ ṣe ìṣirò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ó mú ọṣẹ dúdú àti òrí díẹ̀ nínú igbá ìyá rẹ̀, ó di í sínú aṣọ, ó gba ọ̀nà oko lọ. Nígbà tó dé ilé ọkọ àbúrò mi, àfáà ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí ọkọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í pé ta ló rán an wá.

"Mo ní Bàbá mi ni," ọmọ mi ní.

Wọ́n mú un lọ sórí ẹní tó ṣófo. Òun nìkan ló jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè gba ààyè. Nígbà tí àfáà parí tirẹ̀, tí ẹbí ọkọ sì ti fún ọmọ ní orúkọ tiwọn, wọ́n yíjú sí ẹní yẹn, wọ́n ní ẹbí ìyá ọmọ ńkọ́, orúkọ wo ni wọ́n mú wá? Kò ronú kan orúkọ tẹ́lẹ̀.

"Mo sọ fún wọn pé ẹ ní kí wọ́n máa pè é ní Ìbíyẹmí," ó ní. "Mo gbọ́ ohùn àbúrò yín láti inú yàrá. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín."

Tíṣà bi í léèrè ohun tó dé tí ó fi ní èmi ni mo rán òun, nígbà tí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e lọ. Ọmọ mi dáhùn bí ẹni tó ti ro ó tipẹ́. Ó ní, "Tí mo bá ní mo dá wá ni, wọ́n á fún mi ní mọ́ínmọ́ín, wọ́n á ní kí n lọ máa bá àwọn ọmọdé ṣeré. Ẹní náà á ṣì wà lófo, sà."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí. Mo fẹ́ dìde pẹ̀lú. Orúnkún mi gbá abẹ́ pákó, ọkọ̀ ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lákòókò yẹn gan-an, ọkọ̀ gígùn, ọkọ̀ ẹ̀pà láti òkè. Ilé ń mì. Mo jókòó sínú ariwo yẹn, ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú mi, mo sì rí i pé kò sí ibi tí mo lè gbà jáde. Bí mo bá sọ níta pé n kò rán an, àbúrò mi tún padà di ẹni tí kò ní ará ilé, ìtìjú èkejì á sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá sọ pé èmi ni mo rán an, mo ti tẹ òfin ẹ̀gbọ́n mi lójú. Bí mo bá sì ní kí ọmọ má kọ ọ́, àgbò ń dúró dè wá nílé. Gbogbo bí mo ṣe ń ro èyí, ojú inú mi ń rí ọ̀nà oko yẹn, ẹ̀gẹ́ tó ga ju ọmọ lọ ní ọ̀tún àti ní òsì, àti òun nìkan níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Tíṣà ní, "Bàbá ọmọ, ó kàn yín."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí mo rò. Mo bi í pé ṣé ó wọ bàtà.

"Mo bọ́ ọ, Bàbá," ó ní. "Mo gbé e lọ́wọ́, kí ó má baà dọ̀tí."

Èjìká Tíṣà ń gbọ̀n, ó yí ẹ̀yìn sí wa kí n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fún ọmọ ní bébà tó mọ́, ó ní kí ó kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, kí ó má fi nǹkan kan kún un. Ó kọ ọ́ títí tí ó fi di àsìkò ìrun Alásàárì. Mo kà á. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní ìtẹríba kankan nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ pé: ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Èrò mi ni pé kí a fi í ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní gbogbo Sátidé ni a ń lọ sọ́dọ̀ Tíṣà bí ẹni ń lọ jẹ́jọ́ ní kóòtù, ó sì yẹ kí olórí ilé mọ ohun tí wọ́n ń kọ nípa ilé rẹ̀ kí ó tó jáde. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó na ọwọ́ sí àpótí ìjókòó, ó ní kí n kà á, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀, n kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà rí. Wọ́n ti bú mi lójú ara mi rí ní ọ́fíìsì, mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá láìfi èébú kan sílẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, òun tó gbọ́ èdè méjèèjì. Mo ka ìlà àkọ́kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kà á ketekete. Lẹ́yìn náà mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi ni ó rán mi."

Ọmọ náà gbé orí sókè, ó wò mí, ó tún sọ ojú sílẹ̀. Mo ń kà lọ. Mo túmọ̀ ọ̀nà oko, mo túmọ̀ ọṣẹ àti òrí, mo túmọ̀ ẹní. Nígbà tí mo kà á tán, ẹ̀gbọ́n mi ń fi àtàǹpàkò yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, àgbò sì ń jẹ ewé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ lo rán an," ó ní.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ tí ọmọ rẹ kò mọ ojú kànga."

Ó bèèrè orúkọ ọmọ àbúrò wa, bí ẹni pé kò gbọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Mo ní Ìbíyẹmí. Ó pè é lẹ́nu ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó dè mí títí di òní.

"Ó dára," ó ní. "Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ kì í dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò ní lọ mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa lọ, ọ̀nà oko yẹn ni o ó sì máa gbà, kí n lè mọ̀ pé òótọ́ lo kà fún mi."

Ó mọ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Òfin tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe, kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ tú u, irọ́ mi ni ó rí lò. Láti ọjọ́ yẹn, òun pẹ̀lú á máa di nǹkan sí mi lọ́wọ́, adìyẹ kan, iṣu díẹ̀, kò sì jẹ́ sọ ẹni tó ni ín. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ rí.

Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì dé nígbà tí àgbò ṣì wà láàyè. Wọ́n gba ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí Alhaji pé kí ó má bínú, Alhaji sì bínú díẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọmọ máa lọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀, mo ń sọ fún un pé kí ó má yọ orí jáde lójú fèrèsé, kí ó má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, kí ó má bọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ kò bá tíì dúró pátápátá. Ó ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ó ti gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, ó yọ orí jáde.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá mi kí Ìbíyẹmí."

Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti dá àwọn ènìyàn dúró. Ìgbà tí n kò rí èéfín rẹ̀ mọ́ ni mo tó mọ̀ pé kò sí odi kan, bó ti wù kí ó ga tó, tó máa bá mi ṣọ́ ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé kò gùn, ìwọ náà ti gbà á rí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì gbóná, n kò rìn ín lẹ́ẹ̀kan rí tí àyà mi kò já. Ewé ẹ̀gẹ́ á mì, mo máa dúró. Ẹyẹ á fò, mo máa rò pé ènìyàn ni. Mo máa ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé ibí yìí ni ó gbà kọjá, pé níbi òkúta yìí ni ó ti bọ́ bàtà, ọmọ tí mo rò pé n kò jẹ́ kí ó dé ibì kankan. Wọ́n á rí mi láti òkèèrè nílé ọkọ àbúrò mi, wọ́n á ní bàbá tó máa ń ránṣẹ́ ti dé. Mo máa jókòó lórí ẹní, màá gbé adìyẹ kalẹ̀, màá sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n pè mí.

Àwọn ènìyàn rò pé èmi ni mo rán ọmọ mi lọ síwájú, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, sí ibi tó dé lónìí, wọ́n sì ń kí mi fún un. Mo máa ń gba ìkíni náà. Ṣùgbọ́n n kò rán an níbì kankan. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ sínú bébà Tíṣà ni òótọ́, bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kì í ṣe bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni ẹni tí a rán. Mo ti darúgbó, ẹsẹ̀ mi sì ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, síbẹ̀ bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, mo máa ń di nǹkan sínú aṣọ, mo máa gba ọ̀nà oko, mo máa lọ jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ mi rán mi.